Ta Ló Sọ Pé Ó Ti Wọlé?

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun láti ọdún 2007. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè pé irú èwo gan-an ni mò ń ṣe níbẹ̀, n óò ní mo máa ń kọ ètò tí ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ á kàn mi orí, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún 2013, tí n kò sọ ní gbangba rí àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, níwájú àwọn obìnrin 62 ní ìlú Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo kọ sójú kọ̀ǹpútà: "Ó ti wọlé." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àbúrò ìyá mi di olè lójú ayé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la iṣẹ́ náà yé yín, nítorí ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí ọmọ tí a rán níṣẹ́ gbà kò lè mọ ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Nígbà tí Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ronú kan web ní ilé ìwádìí CERN ní ilẹ̀ Switzerland ní ọdún 1989, ìwé kíkà ló ní lọ́kàn. Ìwé náà á wà nínú kọ̀ǹpútà kan lọ́nà jíjìn, èyí tí à ń pè ní server. Ẹ̀yin á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tiyín, ẹ ó ṣí browser, èyí tí í ṣe fèrèsé tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó béèrè ìwé, server á fi í ránṣẹ́. Kíkà ni tiyín. Bí ẹ bá fẹ́ kí ohunkóhun yí padà nínú rẹ̀, àfi kí browser tún padà lọ gbé odindi ìwé mìíràn wá. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti tún lẹ́tà kan ṣe nínú orúkọ rẹ̀, tí akọ̀wé fa ìwé náà ya, tó ní kó lọ jókòó ná, òun ń bọ̀ wá kọ òmíràn láti òkè dé ilẹ̀.

Ọdún 1995 ni nǹkan yí padà. Ní ilé iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà, Brendan Eich fi ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan tí a wá mọ̀ sí JavaScript. Irú èdè tí Òyìnbó ń pè ní scripting ni. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé a kì í sè é jinná nílé ká tó gbé e ránṣẹ́. Bí mo ṣe kọ àṣẹ náà ní ìlà-ìlà ni yóò ṣe rin ìrìn àjò dé ilé yín. Browser tó wà lọ́dọ̀ yín ni yóò ṣe ògbufọ̀, á máa kà á, á máa ṣe ohun tó wí. Báyìí ni ìwé tó yadi ṣe di ọmọ iṣẹ́. Ó wà nílé yín, ó ń dá yín lóhùn, ó ń ṣírò owó, kò sì máa sáré lọ bá ọ̀gá rẹ̀ nítorí gbogbo nǹkan.

Ní 1999, Microsoft fi ohun kan sínú browser tirẹ̀, Internet Explorer 5, tó mú kí ọmọ iṣẹ́ yìí lè yọ́ lọ bá server lẹ́yìn, kó gba ọ̀rọ̀ bọ̀, kí ojú ìwé má sì pòórá. Àwọn tó kọ́kọ́ mọ ìwúlò rẹ̀ kò pọ̀. Ìgbà tí Google gbé Gmail jáde ní 2004, tó sì gbé Google Maps jáde ní 2005, ni ojú gbogbo wa tó là. Ẹ fi ọwọ́ fa àwòrán ilẹ̀, àwòrán sì ń tẹ̀ lé ọwọ́ yín! Ní oṣù kejì ọdún 2005 náà, Jesse James Garrett sọ ọgbọ́n yìí lórúkọ, ó pè é ní Ajax.

Èmi kò tètè bá JavaScript lọ o. Flash ni mo kọ́kọ́ kọ́, torí pé ó dára lójú. Bọ́tìnnì á máa dán, àwòrán á máa jó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ onílẹ̀ ni Flash. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni ín, browser tí kò bá sì ní in lára kò lè ṣí iṣẹ́ tí a fi ṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, Steve Jobs ti Apple kọ lẹ́tà sí gbogbo ayé, ó ṣàlàyé ìdí tí òun kò fi jẹ́ kí Flash wọ iPhone. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo kó lọ sọ́dọ̀ JavaScript. Ó dáa tí mo tètè kó, nítorí ní ìparí ọdún 2020, Adobe tó ni Flash pa á tì pátápátá.

Ibi tí mo bá iṣẹ́ dé nìyẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ Ìbàdàn dé.

Nígbà náà, àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìbejì, ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin ọlọ́jà kan. Obìnrin 62 ni wọ́n. Sátidé kẹta oṣù ni wọ́n máa ń pàdé. Kò sí iye kan pàtó tí wọ́n ń san. Bí ọjà bá ti gbe kálukú sí ni. Ẹlòmíràn á mú ₦1,000 wá, ẹlòmíràn á mú ₦10,000. Ẹni tó bá sì fẹ́ yá owó, ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́ ló lè yá. Nítorí náà, iye tí wọ́n bá kọ síwájú orúkọ ènìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òun ni owó ilé ìwé ọmọ, òun ni owó ọjà ọdún.

Inú ìwé ńlá kan tó ní èèpo dúdú ni Màmá Ìbejì ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Mo rí ìwé náà, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ẹ gbé ìyẹn tì jàre. Ayé ti kúrò níbẹ̀." Mo bá ẹgbẹ́ wọn kọ ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú browser. Ẹ tẹ orúkọ, ẹ tẹ iye owó, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó parí. Ètò á ṣírò àpapọ̀, á sọ iye tí oníkálukú lè yá. Kẹ́hìndé ọmọ wọn ló ń tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, módẹ́ẹ̀mù kékeré kan ló sì ń fa íntánẹ́ẹ̀tì wá. Àwọn ìyá náà ṣàdúrà fún mi títí ẹnu fi ro mí láti máa ṣe àmín.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ó ń pẹ́. Bí Kẹ́hìndé bá tẹ bọ́tìnnì, iṣẹ́ náà á lọ bá server tó wà ní ìlú Òyìnbó, á sì mú èsì bọ̀. Nígbà mìíràn, á tó ìṣẹ́jú kan. Obìnrin 62 wà lórí ìlà, ilẹ̀ ń ṣú, ọmọ ń dúró nílé. Kí ni mo ṣe? Mo tún ètò náà kọ. Mo ní bí ó bá ti tẹ bọ́tìnnì báyìí, kí ọmọ iṣẹ́ mi kọ "Ó ti wọlé" ní àwọ̀ ewé lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de èsì. Kó máa rán iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn. Ní ọ́fíìsì mi ní Yaba, l'Ékòó, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń sáré, mo dán an wò nígbà 20, ogúnún ló dé. Inú mi dùn sí ara mi. Àwọn ìyá ní, "Ọmọ yìí mà gbọ́n o! Ó ti yá báyìí!"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kíyè sí ohun tí mo ṣe. Mo rán ọmọ níṣẹ́, mo sì kọ́ ọ pé kó máa sọ fún àwọn ènìyàn pé òun ti jẹ́ iṣẹ́ náà, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé ló ṣì wà.

Ní Sátidé kẹta oṣù kẹwàá, òjò ńlá rọ̀. Obìnrin 39 ti san owó tiwọn nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Kò sí ẹni tó mọ̀, nítorí ojú ètò kò yí padà. Kẹ́hìndé ń tẹ orúkọ, ó ń tẹ owó, "Ó ti wọlé" sì ń yọ ní àwọ̀ ewé fún ẹni ogójì, fún ẹni kọkànlélógójì, títí dé orí ẹni kejìlélọ́gọ́ta. Orí browser nìkan ni àkọsílẹ̀ àwọn 23 yẹn wà, bí mo sì ṣe kọ ètò náà, orí ọ̀hún kò lè rántí nǹkan kan bí a bá ti pa ojú ìwé. Nígbà tí ìpàdé parí, Kẹ́hìndé pa kọ̀ǹpútà, ó lọ jẹun. Àkọsílẹ̀ ènìyàn 23 di àwátì.

Ní ìpàdé oṣù kọkànlá, alága ní kí Kẹ́hìndé ka ohun tó wà níbẹ̀. Orúkọ 39 ló kà. Ariwo ta.

"Tèmi ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni mo san! Kẹ́hìndé, ìwọ gan-an lo ní ó ti wọlé. Mo fi ojú ara mi rí i!"

Wọ́n mú ìwé báńkì jáde. Màmá Ìbejì ti kó owó oṣù kẹwàá lọ sí báńkì ní ọjọ́ Ajé, kò sí iyàn nínú ìyẹn. Nígbà tí wọ́n yọ owó àwọn 39 kúrò, ₦87,500 ló kù tí kò ní orúkọ ẹnì kankan lára. Wọ́n bá ní kí àwọn 23 sọ iye tí kálukú san. Wọ́n ro ó pọ̀, ó di ₦113,000. Owó fi ₦25,500 dín.

Ṣé ẹnì kan parọ́ ni, àbí wọ́n gbàgbé? Oṣù kan ti kọjá. Ta ló lè fi gbogbo ẹnu sọ bóyá ₦3,000 ni òun san tàbí ₦4,000? Ṣùgbọ́n bí owó bá ti dín, ojú akápò ni gbogbo ayé ń wò. Ẹnì kan béèrè pé, "Akápò, ìwé dúdú yẹn dà?" Ìwé dúdú wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti tó oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti kọ nǹkan sínú rẹ̀ kẹ́yìn, nítorí èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e tì. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ béèrè nǹkan kan. Ó kàn pòṣé, ó gbọn ìró rẹ̀, ó jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Màmá Ìbejì pè mí lórí fóònù. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní mo jalè."

N kò sùn. Mo wọ inú server lọ. Iṣẹ́ tó dé ibẹ̀ kẹ́yìn ní ọjọ́ òjò náà, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 17 ìrọ̀lẹ́ ló dé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Mo wá ṣí ètò tí mo kọ, mo rí ìlà náà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọ̀, browser kì í dákẹ́. Ó máa ń wí fún ètò pé iṣẹ́ tí o rán mi kò lọ o. Èmi ni n kò kọ ìlà kan ṣoṣo tí yóò gbọ́ ohùn yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ní ilẹ̀ wa yìí, ta ni yóò jiyàn? Báńkì ń sọ ọ́, onífóònù ń sọ ọ́, àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà la sì mọ̀ ọ́n sọ jù. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá yẹn á gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣépè, orúkọ tèmi á sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé owó ti wọlé. Èmi ni mo sọ ọ́. Kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, òjò lè mú un lọ. Irọ́ tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ mi ló ti wá.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì, mo sì lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo wọn. Mo ní akápò wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀, Kẹ́hìndé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ẹ̀rọ láti máa sọ ohun tí kò mọ̀. Mo ní n óò san ₦25,500 náà. Alága wò mí títí. Wọ́n ní, "Dìde. Akápò ti san án."

Láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni Màmá Ìbejì ti mú un nínú owó ọjà tiwọn, wọ́n gbé e fún alága, wọ́n sì dá kọ́kọ́rọ́ àpótí padà.

Nígbà tí a délé, wọ́n gbé àmàlà síwájú mi bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba owó wọn lọ́wọ́ mi. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ owó kọ́. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ ni pé, bí ẹ̀rọ rẹ kò bá mọ̀ bóyá owó dé, kí ló dé tí kò lè sọ pé òun kò mọ̀? Bí mo bá rán ọmọ lọ sọ́jà, tó bá ọ̀nà ní dídí, ṣé kò ní padà wá wí fún mi ni?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo ti ka oríṣiríṣi ìwé lórí iṣẹ́ yìí, ìwé tó ń kọ́ni bí bọ́tìnnì á ṣe yá, bí ojú ìwé á ṣe dán. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti bi mí ní ìbéèrè yẹn rí.

Oṣù márùn-ún ni mo fi tún ètò náà kọ láti ìpìlẹ̀. Ohun mẹ́ta ni mo yí padà. Èkíní, bí iye owó bá ti dé ọwọ́ ètò, inú àpò kan tó wà nínú browser fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, àpò tí kì í ṣòfo bí a tilẹ̀ pa kọ̀ǹpútà. IndexedDB ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé ni yóò tó máa rán wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkejì, owó kọ̀ọ̀kan gba àmì tirẹ̀, tí òmíràn kò ní. Ìdí ni pé ọmọ tí a rán lè jẹ́ iṣẹ́ tán, kó wá sọnù lọ́nà àbọ̀. Ẹni tó rán an á rò pé kò dé ibẹ̀ rárá, á tún rán òmíràn, ₦5,000 ẹnì kan á wá di ₦10,000. Ṣùgbọ́n bí àmì bá wà lára rẹ̀, server á ní, "Mo ti gba eléyìí rí," kò ní kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kẹta, òun ló sì gba ìrònú jù, ni ọ̀rọ̀ tí yóò máa yọ lójú. Màmá Ìbejì ni mo lọ bi, àwọn ni wọ́n fún mi ní èdè rẹ̀. Bí owó bá wà nínú àpò browser, ètò á kọ, "Ó wà lọ́wọ́ mi." Bí ó bá wà lójú ọ̀nà, á kọ, "Mo ti rán an." Ìgbà tí server bá fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn nìkan ni "Ó ti wọlé" á tó yọ. Wọ́n tún fi òfin kan lé e: kí ìwé dúdú máa bá a rìn. N kò jiyàn. Èmi ni mo ra ìwé tuntun.

Ọdún 2014 ni ẹgbẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún wọn, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Wọ́n dì í mú títí ẹsẹ̀ kò fi jẹ́ kí wọ́n lè máa lọ sí ìpàdé mọ́, Kẹ́hìndé sì bọ́ sí ipò wọn. Bí browser ti ń gbọ́n sí i ni mo ń tún ètò náà ṣe. Láti ọdún 2015 ni browser Chrome ti ń gba ohun tí wọ́n ń pè ní service worker, ìyẹn àwọn ìlà JavaScript tí ń tọ́jú ojú ìwé fúnra rẹ̀ sílé, tó fi jẹ́ pé ètò á ṣí bí kò tilẹ̀ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Mo fi ìyẹn náà sí i.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló fara gbá a, tiwa náà wà níbẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni Sátidé kẹta oṣù, ọjọ́ ìpàdé. Àyà mi já. Ní ìrọ̀lẹ́, Kẹ́hìndé pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ pé ó wà lọ́wọ́ òun o. Kò tíì sí èyí tó wọlé." Mo ní, "Àwọn ìyá ńkọ́?" Ó ní, "Kò sẹ́ni tó bínú. Wọ́n ní kí n kà á sókè, kí kálukú fi ìwé dúdú wò ó. Wọ́n ti lọ sílé." Ní ọjọ́ Ajé, ó ní "Ó ti wọlé" ti ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí kọ́bọ̀ tó dín, kò sí èyí tó lé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo mọ̀ pé ohun tí oníbàárà ń fẹ́ ni kí ó yá, kí ó sì dán. Ẹ jẹ́ kí ó yá, ẹ jẹ́ kí ó dán. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí ẹ rán lọ sínú ilé olówó ilé, ẹnu yín ló fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ má kọ́ ọ ní ohun tí kò rí. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi sì ti jìn sí tèmi.

Títí di òní, Màmá Ìbejì kò gba ₦25,500 yẹn lọ́wọ́ mi. Bí mo bá mẹ́nu bà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ."